Àwo Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti Ọ̀dà Pupa

Kó, kó, kó. Oyèníyì Ògúnyẹmí fi òòlù kékeré kan bíríkì náà, ó dẹ etí sí i. Ó le. Ó sún sí èyí tó tẹ̀ lé e. Kó, kó, kó. Ìyẹn náà le. Ó kan ẹ̀kẹta, ìyẹn dún bí agolo òfìfo, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì funfun fa ìlà gbọọrọ sí i lára. Àjà kọkànlá ló wà, lórí pèpéle onírin tí wọ́n fi wáyà so rọ̀ láti orí òrùlé, atẹ́gùn oṣù Kẹwàá ní Bronx sì ń fẹ́ ẹ létí bí ẹni tó bá a níjà.

Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn o. Òfin ìlú New York ní kí wọ́n máa yẹ ara àwọn ilé gíga wò ní ọdún márùn-ún márùn-ún, kí bíríkì má lọ já lu ẹni tó ń lọ jẹ́jẹ́ rẹ̀ lójú títì. Ẹnjiníà ni Oyèníyì, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, kì í kánjú, kì í sì í fo bíríkì kan. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ a máa sọ lẹ́yìn rẹ̀ pé bí wọ́n bá ní kí ọ̀gá yẹ ògiri ọ̀run wò, á ní kí áńgẹ́lì kọ́kọ́ gbé àkàbà wá.

"Ẹnjiníà!" Ohùn Hakeem ni, láti inú rédíò kékeré tó wà léjìká rẹ̀. "Ẹ sọ̀ kalẹ̀ wá jẹ mọ́ínmọ́ín o! Ìyàwó mi ló sè é. Ẹyin wà nínú ẹ̀ o!"

Hakeem ló ń bójú tó ilé náà, ọmọ Ìbàdàn pọ́ńbélé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí Oyèníyì ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ojoojúmọ́ ni Hakeem ń pè é wá jẹun, ojoojúmọ́ ló sì ń kọ̀.

"O ṣeun, Hakeem. Èmi kì í jẹun níbi iṣẹ́."

"Ààwẹ̀ wo lẹ̀ ń gbà gan-an? Èmi tí mo jẹ́ Mùsùlùmí ò gbààwẹ̀ tó yín! Ó dáa, ẹ ṣáà sọ̀ kalẹ̀. Àbúrò yín ti dé. Òun àti obìnrin kan."

Oyèníyì fi òòlù sápò. Rìnsọ́lá, àbúrò rẹ̀, kò wá síbi iṣẹ́ rẹ̀ rí. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n pè láti ilé? Ó tẹ bọ́tìnnì, pèpéle náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, àfi bí ẹni pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ń falẹ̀.

Yàrá Hakeem wà lábẹ́ ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń gbé ooru lọ sókè. Àga mẹ́rin ló wà níbẹ̀, kò sí méjì tó jọra, gbogbo wọn jẹ́ ohun tí àwọn ayálégbé gbé jù síta tí Hakeem sì gbé wọlé. Rìnsọ́lá dìde, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn.

"Ẹ kú iṣẹ́, bọ̀dá mi. Ẹ fọkàn balẹ̀, ilé dáa, kò sí aburú kankan."

"Kí ló wá dé tó ò fi lọ sùn? Ṣebí iṣẹ́ alẹ́ lo ṣe."

"Christina rèé. A jọ ń ṣiṣẹ́ nílé àwọn arúgbó ni. Ọmọ Haiti ni. Ó mú ìwé kan wá lánàá, ó ní orúkọ kan wà níbẹ̀ tó jọ orúkọ àwa ará Nàìjíríà, ṣé mo lè bá òun kà á. Bí mo ṣe wò ó báyìí, orúkọ bàbá wa ni! Mo pariwo. Mo ní, bọ̀dá mi nìyí! Bọ̀dá mi tó lọ ràn yín lọ́wọ́ nìyí! Inú mi dùn débi pé mi ò bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi orúkọ náà ṣe." Ó wo Christina. "Ìgbà tó ṣàlàyé tán, mo ní ó dìgbà tí a bá rí yín lójúkojú."

Hakeem gbé mọ́ínmọ́ín síwájú àwọn obìnrin méjèèjì, ó wo ojú wọn, ó ní òun ń lọ wo ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ náà kò ṣe nǹkan kan.

Christina á tó ẹni ogójì ọdún, ojú rẹ̀ sì wú fún àìsùn. Láti Springfield Gardens ní Queens ló ti ń wá ṣiṣẹ́ ní Bronx, wákàtí méjì lọ, wákàtí méjì bọ̀. Ó tẹ́ bébà kan sórí tábìlì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nà án dáadáa. Fọ́tò ògiri ilé kan ni. Àmì pupa ńlá wà lára ògiri náà, nọ́ńbà wà lábẹ́ àmì, orúkọ ẹnjiníà tó kùn ún sì wà nísàlẹ̀ ìwé: O. Ògúnyẹmí.

Ẹni tí kò bá mọ bọ́rọ̀ ṣe jẹ́, kó gbọ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, ilẹ̀ mì tìtì ní gúúsù Haiti. Ilé wó, ṣọ́ọ̀ṣì wó, ènìyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì kú. Àwọn tí ilé wọn kò wó pàápàá ń sùn síta, nítorí wọn kò mọ̀ bóyá èyí tó dúró náà kò ní já lé wọn lórí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá ẹnjiníà lójú méjèèjì. Oyèníyì gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbi iṣẹ́, ó lọ. Ìṣẹ́jú méjìlá ni wọ́n ní kó lò lórí ilé kan: yí i po, wọ inú rẹ̀, kun ọ̀dà, ó dilé mìíràn. Àwọ̀ ewé ni kí wọ́n wọlé kí wọ́n sùn. Yẹ́lò ni kí wọ́n tún un ṣe kí wọ́n tó wọ̀ ọ́. Pupa ni kí ẹnikẹ́ni má wọ̀ ọ́ mọ́. Nígbà tó padà dé, ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì wọn pè é síwájú, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n fún un ní àwo ìyẹ́sí onígíláàsì tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí. Bàbá Haiti ni wọ́n ń pè é níbẹ̀ títí dòní.

"Ilé ìyá mi ni," Christina wí. Òyìnbó ló ń sọ, kò kánjú. "Ẹgbẹ́ aláàánú kan ti dé àdúgbò wọn. Wọ́n ń fún àwọn tí ilé wọn ṣeé tún ṣe ní sìmẹ́ńtì, irin àti páànù. Wọ́n ní ilé ọ̀dà pupa kò sí níbẹ̀, pé wíwó ni tirẹ̀. Àfi bí ẹni tó kùn ún bá kọ̀wé pé kí wọ́n tún un yẹ̀ wò. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ òní ni wọn ò ní gba orúkọ mọ́."

"Àwọn tó ní àwọn máa kọ́ tuntun fún àwọn onílé pupa ńkọ́?"

"Wọ́n ṣe é fún ọdún kan ààbọ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n lọ."

"Níbo wá ni màmá ń gbé?"

"Iwájú ilé náà. Abẹ́ tapólì. Ó pé ọdún mẹ́rin." Ó fi ìka kan ìsàlẹ̀ fọ́tò náà, níbi tí etí tapólì búlúù ti yọ díẹ̀. "Wọ́n ti ilẹ̀kùn pa, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn wọn. Bàbá mi ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ilé yẹn. Abẹ́ tapólì ló kú sí, lásìkò òjò ọdún kejì. Òtútù àyà ni. Mi ò sọ pé tapólì ló pa á o. Ọjọ́ orí náà wà níbẹ̀."

Oyèníyì bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnjiníà kì í ṣàdédé kun pupa."

"Mo gbà bẹ́ẹ̀. Kí lẹ rí?"

Ó fa fọ́tò náà sún mọ́ra. Nínú gbogbo ilé tó yẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, ó lè dárúkọ ibi tí púpọ̀ nínú wọn ti sán. Ti èyí, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló rántí.

Ilé kẹtàdínlógún lọ́jọ́ náà ni, ọwọ́ ìrọ̀lẹ́. Ìyá kan jáde wá pẹ̀lú àwo: ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà bíbọ̀, ẹja gbígbẹ tí wọ́n fi àlùbọ́sà àti ata sè, àti ààbọ̀ píà kan. Ọkọ rẹ̀ gbé àga sábẹ́ igi fún un. Ebi ń pa Oyèníyì, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ebi kọ́ ló mú un jókòó. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ dàgbà ní Ìsẹ́yìn, bí àgbàlagbà bá fi ọwọ́ méjèèjì gbé oúnjẹ fún ọ, o ò gbọdọ̀ ní o ò jẹ. Ká tó wá sọ ti àgbàlagbà tí ilé rẹ̀ sán, tó tún rí oúnjẹ wá fún àlejò! Ó jókòó. Ó jẹ ẹ́ tán. Ìyá náà bù sí i. Ó tún jẹ ẹ́ tán. Nígbà tó fi máa dìde, ìṣẹ́jú méjìlá ti di ogójì, awakọ̀ wọn ń fọn fèrè, ilẹ̀ sì ti ń ṣú. Ó sáré wo iwájú ilé, ó wo inú, ó wo ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn ibi tó sán kò tó nǹkan. Ẹ̀yìn ilé ni kò dé.

Ìlànà iṣẹ́ wọn sì ni pé ohun tí o kò rí, o ò gbọdọ̀ fún un ní àwọ̀ ewé. Ó yẹ kó kọ ọ́ pé òun máa padà wá. Ṣùgbọ́n ìlú mìíràn ni wọ́n ń lọ lọ́jọ́ kejì. Ó gbọn agolo ọ̀dà, ó kun pupa, ó sáré wọ ọkọ̀. Nígbà náà, àwọn ẹnjiníà a máa fi í ṣàwàdà láàárín ara wọn pé pupa ò pa ẹnì kankan rí. Oyèníyì sọ ọ́ fún ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sì dùn ún lọ́kàn tó bó ṣe yẹ. Láti ìgbà náà ni kì í ti í jẹun níbi iṣẹ́ mọ́.

"Mi ò dé ẹ̀yìn," ó wí ní Yorùbá.

Rìnsọ́lá wò ó. "Ẹ ní kí ni?"

"Mi ò dé ẹ̀yìn ilé náà, Rìnsọ́lá. Mo kun pupa, mi ò dé ẹ̀yìn."

"Kí lẹ wá ń ṣe?"

"Mo ń jẹun."

Ojú tì í. Nílé, bí ojú bá ti ènìyàn, a ní kí ilẹ̀ lanu kó gbé e mì. Ẹni tó bá ti débi tí ilẹ̀ ti lanu lóòótọ́ kì í sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó gbójú sókè, ó sọ ọ́ fún Christina ní èdè Òyìnbó, bó ṣe rí gan-an, kò bu iyọ̀ sí i.

Christina gbé ṣíbí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó wo fọ́tò náà títí, ó wá ní, "Ṣé ẹ lè kọ ọ́?"

Orí fóònù Christina ni fọ́ọ̀mù náà wà. Orúkọ, nọ́ńbà ilé, nọ́ńbà láísẹ́ǹsì, lẹ́yìn náà ìbéèrè kan ṣoṣo: kí nìdí tí ẹ fi fẹ́ kí a tún ilé yìí yẹ̀ wò? Rìnsọ́lá fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn.

"Bọ̀dá mi, ẹ ṣáà kọ pé ilẹ̀ ti ṣú. Irọ́ kọ́. Ṣebí ilẹ̀ ṣú lóòótọ́?"

"Ilẹ̀ kọ́ ló ní kí n kun pupa."

"Bí wọ́n bá wá tìtorí ẹ̀ gba láísẹ́ǹsì yín ńkọ́? Àwọn ọmọ méjì ṣì wà ní yunifásítì o! Ìyàwó yín á ní èmi ni mo fà á. Ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Wọ́n á gbọ́."

"Wọ́n á gbọ́."

"Háà! Orí kunkun!" Omi ti gba ojú rẹ̀. "Èmi náà ló kúkú fà á, èmi tí mo ń pariwo orúkọ kiri."

"Kò sí ohun tó o ṣe," Oyèníyì wí. Ó ń fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀wé, bí àwọn àgbàlagbà ṣe ń ṣe. Ohun tó kọ kò gùn: Mo jókòó jẹ oúnjẹ tí onílé fún mi títí àkókò fi tán. Mi ò yẹ ẹ̀yìn ilé náà wò. Ohun tí mo rí kò tó pupa. Àṣìṣe tèmi ni, kì í ṣe ti onílé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ tún un wò.

Ó ka á lẹ́ẹ̀kan, ó tẹ̀ ẹ́ lọ. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí èsì dé sórí fóònù Christina: orúkọ ìyá rẹ̀ ti wọlé, ẹnjiníà kan máa dé ọ̀dọ̀ wọn kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Christina fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Ọ̀rọ̀ láísẹ́ǹsì, ìyẹn ṣì ń bọ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tó máa gbà.

"Ẹ bá mi pe màmá," Oyèníyì wí. "Mo fẹ́ fẹnu ara mi bẹ̀ wọ́n."

Ìyá náà yọ lójú fóònù, gèlè àlòkù lórí rẹ̀, tapólì búlúù lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti rù. Oyèníyì ṣí akoto rẹ̀, kò tiẹ̀ mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ kan ilẹ̀, ni ìyá náà bá ń bèèrè lọ́wọ́ Christina pé ibo ni ọkùnrin náà wọlẹ̀ sí.

"Ó ń kí yín ni, Mama. Bí wọ́n ṣe ń kí àgbà lọ́dọ̀ wọn nìyẹn."

Nígbà tó dìde, ó sọ tirẹ̀, Christina sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí èdè wọn. Ó ní òun ni òun kun ọ̀dà náà, òun kò dé ẹ̀yìn ilé, òun ti kọ̀wé báyìí, kí màmá dárí ji òun. Ó ní òun gbọ́ nípa bàbá.

Ìyá náà sún ojú mọ́ fóònù. Ó wò ó dáadáa. Ó ní nǹkan kan.

"Wọ́n ní, ṣé ẹ̀yin lẹ jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀?" Christina bi í.

"Èmi ni."

Ìyá náà dìde, ó gbé fóònù dání, ó ń rìn lọ. Àwòrán ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún, ilẹ̀, ewé, etí aṣọ, ẹsẹ̀ ìyá nínú sálúbàtà. Lẹ́yìn náà ó dúró. Ẹ̀yìn ilé nìyẹn. Ilé ìdáná kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ́ mọ́ ara ilé ńlá, ó sì ti là kúrò lára rẹ̀ láti òkè délẹ̀, débi pé igi ìbẹ́pẹ kékeré kan ti hù ní ojú ibi tó là náà. Ìyá na ọwọ́ sínú rẹ̀, ọwọ́ wọlé dé ọrùn ọwọ́.

Oyèníyì gbàgbé pé ẹ̀bẹ̀ lòun ń bẹ̀. "Ẹ ní kí wọ́n wá òkúta, kí wọ́n kan ògiri ilé ńlá. Kí fóònù sún mọ́ ọn."

Kó, kó, kó. Ó dẹ etí sí i, ó sì pa ojú dé. Ó le. "Ẹ ní kí wọ́n sún sí ọwọ́ òsì." Kó, kó, kó. Ó le. "Ilé ìdáná ńkọ́?" Ìyẹn dún bí agolo òfìfo láti Haiti títí dé Bronx.

"Ilé ìdáná yìí ló máa wó," ó wí. "Kí ẹnikẹ́ni má dúró nítòsí rẹ̀. Ilé ńlá, mi ò lè fi fóònù búra, ẹni tó ń bọ̀ ló máa sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ká ní mo dé ẹ̀yìn lọ́jọ́ náà ni, yẹ́lò ni ǹ bá kùn. Ọdún yẹn náà ni wọn ì bá ti tún un ṣe."

Christina túmọ̀ rẹ̀. Ìyá náà jókòó lórí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó sọ gùn, Christina kò sì túmọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ń bi ìyá rẹ̀ ní ìbéèrè, ìyá ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n ní..." Ó yíjú kúrò lára fóònù. "Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé ẹ̀yìn ti là. Wọ́n ní ìdí tí àwọn fi gbé oúnjẹ jáde nìyẹn, kí ẹ má baà dé ẹ̀yìn. Bàbá mi ló ní kí wọ́n bù sí i. Wọ́n ní ẹni tó jẹ oúnjẹ àwọn tán lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ò rò pé ọwọ́ rẹ̀ á lè kun pupa."

Ẹ̀rọ ooru ń kùn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Rìnsọ́lá ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó sáré fi ọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín náà sì di ẹkún mọ́ ọn lẹ́nu. Nínú fóònù, ìyá náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi etí gèlè nu ojú. Christina wo ìyá rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí. Ọdún mẹ́rin, kò sọ ọ́ fún ọmọ tó bí.

"Ẹ bá mi sọ fún wọn," Oyèníyì wí, "pé ẹnjiníà tó ń bọ̀ yìí, mo bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n má fún un lóúnjẹ o, àfi tó bá ti dé ẹ̀yìn ilé."

Èsì ìyá kò pẹ́ rárá.

"Wọ́n ní kó tètè lọ ṣe tirẹ̀ lẹ́yìn, kó wá jókòó. Wọ́n ní ṣé ẹ rò pé àwọn máa jẹ́ kó fi ebi lọ ni?"

Nígbà tí àwọn obìnrin náà lọ, Oyèníyì ní kí wọ́n sún pèpéle lọ sí ẹ̀yìn ilé, lójú ọ̀nà tóóró tí wọ́n ń kó garawa ìdọ̀tí sí, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í gbà kọjá. Ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ó kan bíríkì kọ̀ọ̀kan, ó gbọ́ tẹnu wọn. Ó ń ro ọ̀rọ̀ tó máa bá ìyàwó rẹ̀ sọ, ó ń ro àwo onígíláàsì tó wà lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó tún ń ro ọkùnrin arúgbó kan tó gbé àga fún un sábẹ́ igi, tó sì ń ṣẹ́jú sí ìyàwó rẹ̀ pé kó bù sí i. Ọwọ́ tó bu oúnjẹ àti ọwọ́ tó kun ọ̀dà, ẹ̀rù kan náà ló ń bà wọ́n, ẹ̀rù ohun tó wà lẹ́yìn ilé. Ọdún mẹ́rin lòun fi ń kọ oúnjẹ níbi iṣẹ́ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀dà.

Aago mẹ́ta kọjá kó tó kan ilẹ̀. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó fọ ọwọ́ lẹ́nu ẹ̀rọ omi tó wà lábẹ́ ilé. Hakeem ń ṣe àga kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀.

"Hakeem, mo ti parí ẹ̀yìn ilé."

"Ẹ kú iṣẹ́, ẹnjiníà."

"Mọ́ínmọ́ín yẹn, ṣé ó kù?"

Hakeem gbé òòlù sílẹ̀. Ó ṣí ìkòkò, ó bu méjì, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.